Òùngbẹ Tí Omi Kò Pa

Nínú àwọn akunlé mẹ́jọ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà, obìnrin kan ṣoṣo ló wà, òun náà sì ni wọ́n máa ń ké sí bí iṣẹ́ bá dé ibi tó le. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ọwọ́ méjì lè ti rólà lọ sókè sódò lára ògiri. Etí ló le, ibi tí ògiri àti àjà ti pàdé, tí àwọ̀ méjì gbọ́dọ̀ fara kanra láìwọnú ara wọn. Àwọn ọkùnrin máa ń lẹ téèpù síbẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún. Obìnrin yìí kì í lẹ nǹkan kan. Á gun àkàbà, á ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, á nu èyí tó pọ̀jù sí etí garawa, á sé èémí, á sì fa ìlà náà láti igun dé igun bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Afọwọ́falà. Nílé, Ìyá Kílò ni wọ́n ń pè é, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti lóyún kejì, oyún náà sì ti lé ní oṣù márùn-ún. Ọ̀gá wọn ní kó lọ jókòó sílé, obìnrin náà fèsì pé oyún kì í ṣe àìsàn. Ilé-ìwé kan ni wọ́n ń kùn nígbà náà, yàrá mẹ́rìnlélógún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wọlé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọ̀dà mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ tara rẹ̀.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ dé. Ó ń gbé ike omi lítà márùn-ún wá síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó kan àtàrí, ike ti gbẹ. Bó bá sì ti mumi tán báyìí, ẹnu rẹ̀ á tún gbẹ bí ẹni lá ẹfun. Ìtọ̀ wá tẹ̀ lé òùngbẹ. Ilé ìtọ̀ ilé-ìwé náà wà ní òdì kejì ọgbà. Kó tó rìn débẹ̀, kó rìn padà, kó tún gun àkàbà, òmíràn á ti máa pè é. Àwọn ọkùnrin fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan ní ẹja ló wà nínú ikùn rẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní ooru ni, òórùn ọ̀dà ni, oyún ni. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé abẹ́ òun ń yún òun, àti pé ó ti ra ìpara nílé oògùn lẹ́ẹ̀mejì, tí nǹkan ọ̀hún lọ tó tún padà. Kò sì sọ pé ó ń rẹ òun, àárẹ̀ kan tí oorun kò lè gbé lọ, bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì sùn, tó sì gbé e jí.

Lọ́jọ́rú kan, ó fa ìlà ní yàrá kẹtàdínlógún, ìlà náà sì wọ́. Kì í ṣe pé ó wọ́ púpọ̀, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kò lè rí i. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò rí i, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ó ti sọ̀kalẹ̀, ó ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ̀ ti sọ fún un pé ó tọ́. Ẹni tó rí i ni Bàbá Alákàbà, àgbà inú wọn, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, tó jẹ́ pé òun ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá náà kò sọ ọ́ lójú àwọn tó kù. Ó ní sùúrù títí wọ́n fi lọ jẹun ọ̀sán, ó wá dojú garawa òfìfo kan dé, ó jókòó tì í.

Ó bi í pé, "Ìyá Kílò, ìgbà mélòó lo ti sọ̀kalẹ̀ látàárọ̀?"

Ó ní òun kò kà á.

"Èmi kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni. O mu omi tìẹ tán, o tún mu nínú tèmi. Ojú rẹ ńkọ́, ṣé ó ń ríran dáadáa?"

Ó fẹ́ dáhùn pé ó ń ríran. Ó wá gbójú sókè wo ìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, ó wò ó títí. Ó ní bí ẹni ń wo nǹkan láti inú omi ni.

Bàbá Alákàbà bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ ló mọ̀ pé ọmọ ìka méjì kò sí lẹ́sẹ̀ náà, ìtàn tó sì máa ń sọ ni pé àkàbà irin ló já lé e. Ó ní irọ́ ni òun ń pa láti ọjọ́ yìí wá, ìtìjú ló fà á. Ó ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní àtọ̀gbẹ, ló jẹ ìka òun. Ọdún méjì gbáko ni òùngbẹ fi ń gbẹ òun, tí òun ń tọ̀ ṣáá, tí òun ń rù, tí òun ń sọ pé ooru ni. Ìgbà tí egbò kékeré kan kọ̀ tí kò jiná ni òun tó lọ síwájú dókítà, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́ fún ìka méjèèjì.

Bàbá náà ní, "Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì sọ pé o ní i. Ohun tí mo sọ ni pé kó o lọ yẹ ara rẹ wò. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Má jẹ́ kí wọ́n fi ojú lásán wò ọ́, kí wọ́n ní kó o máa lọ."

Ọkọ Afọwọ́falà ń ṣe búrẹ́dì. Ìdájí ló máa ń wà nídìí ààrò, bó bá sì ń bọ̀ wálé láàárọ̀, búrẹ́dì gbígbóná méjì á wà lábíyá rẹ̀. Ó máa ń ṣàwàdà pé ìyàwó òun kò fẹ́ òun rárá, òórùn búrẹ́dì ara aṣọ òun ló fẹ́. Láti ìgbà tí oyún ti dé, odidi kan ni ìyàwó yìí ń jẹ láàárọ̀ pẹ̀lú tíì tó dùn bí oyin, á sì tún mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e lọ́sàn-án kí òùngbẹ lè lọ. Òùngbẹ kò lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sọ ohun tí Bàbá Alákàbà wí fún ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà níjòókòó, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé, òun ló ń bá wọn mójú tó ọmọ. Ìyá àgbà ní òun kò rí ohun tó ṣàjèjì nínú kí aboyún máa mumi, ó ní èèyàn méjì ló ń mu ún. Ó wá fi kún un pé, "Àbí o ti gbàgbé Kílò ni? Ta ló bí irú ọmọ yẹn rí ní gbogbo àdúgbò yìí?"

Ọ̀rọ̀ ìyìn ni ìyá àgbà pè é, ṣùgbọ́n ó gún ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́kàn bí abẹ́rẹ́. Ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò márùn-ún ló bí lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ibi tí orúkọ ìnagijẹ náà ti wá nìyẹn. Orí ọmọ jáde, èjìká kọ̀. Àwọn agbẹ̀bí tẹ̀ ẹ́ níkùn, wọ́n fa ọmọ, wọ́n tún fà á. Nígbà tó bọ́ tó sì ké, gbogbo ilé dúpẹ́ pé a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Lọ́sẹ̀ kejì ni wọ́n tó kíyè sí i pé apá òsì rẹ̀ kò gbéra. Títí di àkókò tí à ń wí yìí, Kílò kò lè gbé apá náà kọjá èjìká. Bó bá ń wọṣọ, ọwọ́ ọ̀tún ló máa fi mú èyí tí kò lágbára, á kọ́kọ́ tì í bọ aṣọ, kó tó wọ ìyókù. Àwọn tó wá kí ìyá ìkókó nígbà yẹn ń yìn ín pé ó bí àgbà. Kò sí ọ̀kan tó béèrè ohun tó mú ọmọ inú tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ó wo ọmọ náà, tó jókòó sídìí fèrèsé tó ń ya àwòrán. Ó ní ilé ìwòsàn ni òun ń lọ lọ́la, ilé-ìwé tí wọ́n ń kùn ìbáà dúró bẹ́ẹ̀ títí ọdún á fi yí po.

Èrò pọ̀ nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ tó dá a lóhùn kì í ṣe ẹni burúkú, iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ní kó tọ̀ sínú ike, ó ki bébà pẹlẹbẹ kan bọ inú ìtọ̀ náà. Àwọ̀ bébà kò yí padà. Nọ́ọ̀sì ní kò sí ṣúgà níbẹ̀, pé kò sí aboyún tí òùngbẹ kì í gbẹ, kò sì sí èyí tí kì í tọ̀, ọmọ ló ń tẹ àpò ìtọ̀. Ó kọ ọ́ sínú káàdì pé ara le, ó sì na káàdì sí i.

Afọwọ́falà kò gbà á. Kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti òwúrọ̀, ó sì ń rò ó pé bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ìtọ̀ mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, nọ́ọ̀sì. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo bá wá, mi ò sì ní kúrò níbí títí tí ẹ ó fi ṣe é."

Nọ́ọ̀sì rán an létí pé àwọn èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun mọ̀, òun á sún àga kúrò lọ́nà kí wọ́n lè kọjá. Ó sì sún un lóòótọ́. Ó gbé e ti ògiri, ògiri kan tí ẹni tó kùn ún kò bìkítà, ó sì fi wákàtí kan àtààbọ̀ ka àbùkù rẹ̀, láti orí àjà dé ilẹ̀. Níbẹ̀ ni agbẹ̀bí àgbà, ìyẹn olórí àwọn tó ń tọ́jú aboyún, bá a nígbà tó ń kọjá. Obìnrin kúkúrú kan ni, kì í sáré, kì í sì í pariwo. Ó bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀, Afọwọ́falà sì ro gbogbo rẹ̀ fún un: òùngbẹ, ìtọ̀, àárẹ̀, ojú, àti ara yíyún tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Ọmọ rẹ àkọ́kọ́, kílò mélòó ló wọ̀n nígbà tó o bí i?"

"Ó dín díẹ̀ ní márùn-ún, mà."

Agbẹ̀bí àgbà yọ awò ojú rẹ̀. "Apá rẹ̀ ńkọ́?" ló wí.

Kò sẹ́ni tó ti dá ọ̀rọ̀ apá sílẹ̀ fún agbẹ̀bí náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́dún mẹ́fà tí ẹnì kan máa so kílò ọmọ náà mọ́ apá rẹ̀ níṣojú Afọwọ́falà. Ó ní apá òsì kì í lọ sókè.

Agbẹ̀bí kò bá nọ́ọ̀sì náà jà. Ó kàn pè é, ó fi káàdì hàn án, ó ní ìtọ̀ lè mọ́ lónìí kó má mọ́ lọ́la, ẹ̀jẹ̀ ni kí á máa yẹ̀ wò. Ó ní kí Afọwọ́falà padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó má jẹun, kó má mu ohunkóhun bí kò ṣe omi láti alẹ́.

Nígbà tó dé, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀. Wọ́n wá fún un ní omi gúlúkóòsì kan mu, ife kan gbáko. Ó dùn débi pé ó fẹ́ bì. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé bó bá bì í, wọn yóò tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn ni, ló bá di ẹnu mú, ó ń mí nímú, ó tẹjú mọ́ aago ara ògiri. Lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kejì wọ́n tún gbà á. Ó yẹ kí ti òwúrọ̀, kó tó mu nǹkan, má tó méjìléláàádọ́rùn-ún. Tirẹ̀ jẹ́ àádọ́fà ó dín méjì. Ó yẹ kí ti ìgbẹ̀yìn má tó mẹ́tàléláàádọ́jọ, tirẹ̀ sì jẹ́ igba ó dín mẹ́wàá.

Agbẹ̀bí àgbà pe òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó. Ó ní irú ìtọ̀ ṣúgà tó máa ń bá oyún wá nìyí. Ó ní oyún a máa dí insulíìnì lọ́wọ́, ìyẹn ohun tí ara ń pèsè láti fi kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tó ti wúlò. Ara ẹlòmíràn á pèsè sí i, á sì borí. Ara ẹlòmíràn ò ní lè bá a. Ṣúgà tó bá ṣẹ́ kù á wá máa wọ ara ọmọ lọ, ọmọ á máa jẹ àjẹjù níbi tí kò ti lè sọ pé ó tó, èjìká àti ikùn rẹ̀ á máa yọ. Ọkọ rẹ̀ tẹrí ba. Ó béèrè bóyá búrẹ́dì òun ló fà á. Agbẹ̀bí ní búrẹ́dì nìkan kò lè fa irú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láti òní lọ, búrẹ́dì á dín kù.

Afọwọ́falà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Ṣé òun náà ló ṣe Kílò?"

Agbẹ̀bí dá a lóhùn pé, "Mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè búra sí i. Ṣùgbọ́n ó jọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ọkọ rẹ̀ rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Inú ló ń bí i, inú bíbí kan tó mọ́ kedere, tí kò dojú kọ ẹnì kankan. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń yin òun fún ohun tó yẹ kí wọ́n fi ta òun jí. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti pinnu pé ìkan yìí, ojú òun ló máa tó o.

Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n fún un lọ sílé, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tíńtínní tó fi ń gún ìka. Lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ló ń gún un: bó bá jí, àti wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oúnjẹ, ogóje ni ààlà, kò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Bàbá Alákàbà, tí òun náà ń gún tirẹ̀, sọ fún un níbi iṣẹ́ pé bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, pé kó jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa pa iná àwọn lọ. Ó ń kọ gbogbo iye náà sí ẹ̀yìn ìwé àwọ̀ ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ fún un, iye kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó jẹ. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti mọ ara rẹ̀ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìrẹsì ẹ̀kún àwo gbé e kọjá ààlà. Ìlàjì rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kò gbé e kọjá. Bó bá sì rìn fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ, iye náà á wálẹ̀ bí ọmọ tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ kó jẹ́ pé òun ni kò ní nǹkan ṣe. Ó lọ po ìyẹ̀fun tí wọn kò yọ èèpo rẹ̀, ó yan búrẹ́dì dúdú kan tó le bí pákó, ó sì gbé e wá pẹ̀lú ìdùnnú. Ìyàwó rẹ̀ jẹ ìdajì, ó wọn ara rẹ̀, ó fi ojú ẹ̀rọ hàn án: ọgọ́jọ lé mẹ́jọ. Ọkùnrin náà wo iye yẹn bí ẹni tí oníbàárà dá ọjà padà fún. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ẹyọ pẹlẹbẹ kan ṣoṣo nínú búrẹ́dì náà, pẹ̀lú ẹyin méjì, kò ṣe nǹkan kan. Ẹyọ kan náà ló ń jẹ láti ọjọ́ yẹn, kò sì fi ìkankan lé e.

Ìyá àgbà ni kò gbà. Lójú rẹ̀, ebi ni wọ́n fi ń pa ọmọ inú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ gbé iye kan jáde tí kò bá oúnjẹ mu, ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Afọwọ́falà tọ́ tíì tí ìyá àgbà pò fún un wò lórí ahọ́n, ṣúgà wà níbẹ̀. Ó ní sùúrù kí Kílò kọ́kọ́ lọ sílé-ìwé, nítorí kò fẹ́ kó gbọ́. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, pẹ̀lú ikùn yẹn.

Ó ní, "Màmá, mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyìn tí ẹ fi yìn mí lórí Kílò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi yìn mí mọ́. Ọmọ kékeré ni mo fẹ́ bí lọ́tẹ̀ yìí, tí apá rẹ̀ méjèèjì á ṣiṣẹ́."

Ìyá àgbà dìde, ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ da tíì náà nù. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń bá a rìn lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì á yí àdúgbò ká pẹ̀lú ìṣísẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Títí di òní olónìí, àdúrà ni ìyá àgbà gbà pé ó ṣe iṣẹ́ náà. Afọwọ́falà kì í bá a jiyàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, iye ti lẹ́yìn oúnjẹ ti dára, ṣùgbọ́n ti òwúrọ̀ kò wálẹ̀, bó ti wù kó jẹun dáadáa tó. Agbẹ̀bí àgbà ní kì í ṣe pé ó kùnà, ibi tí agbára oúnjẹ mọ nìyẹn. Dókítà fi í sórí abẹ́rẹ́ insulíìnì, ó ń gún un sí itan fúnra rẹ̀. Ọwọ́ tó ń fa ìlà kò gbọ̀n nídìí ìyẹn.

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ gbọ́, ó tún ní kó lọ sílé. Wọ́n jọ sọ ọ́ títí. Obìnrin náà gbà pé òun kò ní gun àkàbà mọ́, Bàbá Alákàbà á gba gbogbo etí àjà, òun á sì jókòó sórí àpótí kun férémù ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n fi rí i pé àdéhùn náà bọ́gbọ́n mu. Ó ti gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀, oúnjẹ rẹ̀ kò tó, nítorí ó ń kánjú. Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn tútù bò ó, ojú rẹ̀ ṣú. Wọ́n ti kọ́ ọ pé ṣúgà tó wálẹ̀ jù nìyẹn, pé kò gbọ́dọ̀ dúró wò ó. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó da ṣúgà tó wà nínú ọ̀rá lápò rẹ̀ sẹ́nu. Nígbà tí Bàbá Alákàbà máa fi sáré dé, ó ti ń wọn ara rẹ̀: mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ó ti gòkè. Ó jẹun, ó sinmi, ó sì parí férémù náà. Kò tún fi oúnjẹ àárọ̀ ṣeré mọ́.

Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, ọmọ náà ń dàgbà bó ṣe yẹ. Nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ méjìdínlógójì àti ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní kó wá, wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú kí ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Ó rọbí láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Nígbà tí orí jáde, agbẹ̀bí àgbà ní kó má tì í mọ́, kó mí. Ìṣẹ́jú yẹn gùn lójú rẹ̀ ju oṣù mẹ́sàn-án lọ. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ọwọ́ agbẹ̀bí ló ń wò. Èjìká kan yọ́ jáde, èkejì tẹ̀ lé e, ó rọrùn bí ẹni fa ọwọ́ kúrò nínú àpò.

Ọmọbìnrin ni, kílò mẹ́ta àti díẹ̀. Wọ́n gún un ní gìgísẹ̀ láti wọn ṣúgà tirẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀ díẹ̀, bí ó ti sábà máa ń rí fún ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e sáyà ìyá rẹ̀ kíá, ó mu ọmú, wọ́n tún wọ̀n ọ́n, ó ti gòkè. Ẹnì kan jẹ́ kí àwo irin kan bọ́ sílẹ̀ nítòsí, ìró rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ náà, ó sì na apá méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó la gbogbo ìka rẹ̀. Nígbà yẹn ni ìyá rẹ̀ tó sunkún, ọkọ rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì gbọ́ ọ, ó wọlé láì béèrè bóyá ó lè wọlé.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó padà lọ mu omi dídùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣúgà rẹ̀ ti padà sí bó ṣe yẹ. Agbẹ̀bí àgbà kò jẹ́ kó fò fáyọ̀ jù. Ó ní ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣe nínú oyún, ó lè padà wá bá a gẹ́gẹ́ bí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, kó máa yẹ ara rẹ̀ wò lọ́dọọdún, kó má sì jẹ́ kí ìrìn ìrọ̀lẹ́ parẹ́. Ó ń lọ lọ́dọọdún. Lọ́dún kẹta tó lọ, agbẹ̀bí ní kó jókòó díẹ̀ bá àwọn aboyún tó wà lórí bẹ́ǹṣì sọ̀rọ̀, nítorí pé wọ́n á gbọ́ ti akunlé ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Ó sọ fún wọn bí ó ṣe rí, láìfi nǹkan kan bò.

Obìnrin kan níbẹ̀, oyún oṣù mẹ́fà, ní òun dúpẹ́ o, òun kò ní òùngbẹ, òun kì í tọ̀ jù, ojú òun ń ríran kedere, tòun yàtọ̀.

Afọwọ́falà ní, "Èmi ní àmì, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kà á sí. Ọ̀pọ̀ ló wà tí kò ní àmì kankan, tó sì ní i. Má dúró de àmì, jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò."

Obìnrin náà ní òun kò fẹ́ràn abẹ́rẹ́. Afọwọ́falà dá a lóhùn pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ó wá bá a rìn dé iwájú nọ́ọ̀sì, ó sì dúró tì í títí orúkọ rẹ̀ fi wọ ìwé àwọn tó máa ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ kejì.